Ọmọ ajá ọdẹ mi kò tíì gbọ́ ìró ìbọn rí: ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀, ibo ni mo sì ti lè ṣe é ní Àkúrẹ́?

TúndéÌjàpọ̀
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni mo gba ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ọdẹ kan ní ọ̀nà Ìdànrè. Akọ ni, pupa rúsúrúsú, ajá ìbílẹ̀ gidi. Ìyá rẹ̀ ni gbogbo ọdẹ agbègbè yẹn ń yá bí wọ́n bá fẹ́ lọ lé ọ̀yà. Mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ó pé ọ̀sẹ̀ 11 báyìí.

Oko bàbá mi wà ní ọ̀nà Ìta-Ògbólú, ọ̀yà sì ti fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ibẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ìwé rẹ̀ pé. A fẹ́ kí ajá yìí máa bá wa ṣọdẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìgboro ni Tanímọ̀la o. Ó mọ ohùn jẹnẹrétọ̀, ó mọ ohùn ọ̀kadà, ìbọn ni kò mọ̀. Ẹnìkan ní kí n gbé e dé oko lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí etí rẹ̀ lè là. Ọkàn mi ò gbà á. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

ỌmọÒgún77
Ṣé ajá ọdẹ lẹ gbà àbí ọmọ ìkókó? Ẹ gbé e dé oko, ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, bó bá ti ń jẹ ẹ́ kí ẹ yìnbọn sókè lórí rẹ̀. Èyí tó bá dúró ni ajá. Èyí tó bá sá, ẹ tà á fún àwọn ará Oǹdó 😂. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe, a ò sì rí ajá bàbá mi kó sá fún ìbọn rí.

ÌyáOlókoOǹdó
ỌmọÒgún, fi ará Oǹdó sílẹ̀ o! Ajá mẹ́rin ló wà lóko mi, kò sí èyí tó wọ ìkòkò nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn, kí o kà á wò fúnra rẹ. Bàbá rẹ ń ta gbogbo èyí tó sá. Báwo lo ṣe wá máa rí èyí tó ń sá nínú agbo rẹ̀? Mélòó ló lọ bẹ́ẹ̀ tí ì bá ti di ajá gidi ká ní wọ́n fara balẹ̀ fún un?

ỌmọÒgún77
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ajá tó ní ọkàn, ó ti ní in látinú ìyá rẹ̀.

BàbáỌdẹÌdànrè
Túndé, o káre tí o béèrè kó o tó ṣe é. ỌmọÒgún náà kò purọ́ tán, ó ní ohun tí ajá ń jogún. Ajá kan wà tí àrá sán tí kò jí lójú oorun, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ bí á ti wà lábẹ́ àga. Ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ ènìyàn bàjẹ́ pọ̀ ju èyí tí ìyá rẹ̀ bí bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ ajá kan ní Aládé. Imú rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kì í fi ẹran sílẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré ni olówó rẹ̀ mú un lọ síbi ìsìnkú ọdẹ kan. Ẹ mọ bí àwa ọdẹ ṣe ń ṣẹ̀yẹ fún òkú wa, ìbọn á máa dún tẹ̀ léra wọn láìdánu. Ó so ajá mọ́ ìdí igi níbẹ̀, ó lọ jókòó ti ẹmu. Ajá ò lè sá, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí ìbọn léjìká olówó rẹ̀, abẹ́ ibùsùn ló ń wọ̀. Ìbọn tí kò tíì dún là ń sọ o, rírí lásán. Kò ṣọdẹ mọ́ títí ó fi kú.

Ohun tí èmi máa ń wò kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Ṣé ajá ti mọ orúkọ rẹ̀? Bí o bá súfèé, ṣé ó ń wá? Ṣé ó ti lé nǹkan rí tí inú rẹ̀ dùn débi pé kò ráyè ẹnikẹ́ni mọ́? Bí ẹ̀kẹta yẹn kò bá tíì sí, ìbọn kò tíì kàn án. Ajá tí kò mọ ohun tí a ń wá nínú igbó, ariwo lásán ni ìbọn fún un, ariwo tí kò nídìí ló sì ń dẹ́rù ba ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n èyí tó ti ń lé ẹran, tí ìbọn dún lókèèrè, tó sáré débẹ̀ tó bá ọ̀yà nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò so méjèèjì pọ̀. Kò ní pẹ́ tí ìbọn yóò dún tí yóò sì ti máa wá ibi tí ẹran ṣubú sí.

Nílé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ṣì ń gún iyán ní Ìjàpọ̀, àbí ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ di oníyẹ̀fun? Gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ síbi tó jìnnà sí odó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Bí kò bá gbé orí kúrò nínú àwo, gbé e súnmọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ìdérí ìkòkò tó já bọ́, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá, òjò lórí páànù, jẹ́ kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn. Má ṣe wò ó lójú bí ẹni tó ń retí kó bẹ̀rù. Bó bá ta gìrì, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Bó bá wá di ti ìbọn, ẹni méjì ni ẹ máa jẹ́. Ìwọ wà lọ́dọ̀ ajá. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ìbọn lọ sí òdìkejì oko, kó jìnnà tó pápá bọ́ọ̀lù méjì ó kéré tán, kó sì kọ ẹnu ìbọn síbòmíràn. Má so ajá. Wá ìyẹ́ àparò, so ó mọ́ okùn, máa fà á kiri kí ajá máa lé e. Bó bá ti wọ eré náà tán, gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ̀gbọ́n rẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ajá bá gbé orí sókè, tó wo ibẹ̀, tó padà sídìí ìyẹ́ rẹ̀, ẹ máa lọ sílé. Ọjọ́ yẹn ti parí. Ojúkòkòrò ló ń ba ajá jẹ́, "ó ti mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká tún yìn ín." Bó bá ká ìrù sábẹ́ tó ń wá ẹsẹ̀ rẹ, ìbọn ti súnmọ́ jù nìyẹn. Má bú u, má sì gbé e mọ́ra bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Rìn lọ, bá a ṣeré. Ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ sílẹ̀, kí ìbọn sì lọ jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Àwa tí a wà ní Ìdànrè kì í ṣe é lábẹ́ òkè. Ìró ìbọn á kọlu àpáta yìí, á kọlu tọ̀hún, á padà wá láti ibi mẹ́ta. Ajá ò ní mọ ibi tí ewu ti ń bọ̀, kò sì ní mọ ibi tó máa sá gbà. Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ wá.

TúndéÌjàpọ̀
Bàbá, mo dúpẹ́ púpọ̀. Ẹ ò ní kú lójú wa. Iyán ń bẹ nílé wa, ìyàwó mi ò gba ti oníyẹ̀fun 😀. Ẹ dákun, ṣé ẹ máa gbà kí n bẹ̀rẹ̀ ti ìbọn ní oṣù tó ń bọ̀, bó bá ti fara mọ́ ti odó?

DókítàẸranko
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí Bàbá tó dé. Rárá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìbọn ní oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ ti odó àti ìdérí ìkòkò lónìí, torí ìgbà yẹn ń lọ.

Etí ọmọ ajá kì í là kó tó pé bí ọ̀sẹ̀ 2 tí wọ́n bí i. Láti ọ̀sẹ̀ 3 títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 ni ọpọlọ rẹ̀ ń pinnu ohun tó jẹ́ ti ilé àti ohun tó jẹ́ àjèjì. Ohun tó bá bá pàdé tayọ̀tayọ̀ lásìkò yìí kì í sábà bà á lẹ́rù tó bá dàgbà. Tanímọ̀la wà ní ọ̀sẹ̀ 11, ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀kùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Nítorí náà, ariwo ilé, ariwo ọjà, ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ fi gbogbo rẹ̀ hàn án báyìí ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìbọn gidi ní tirẹ̀ lè dúró di ìgbà tó bá lé ní oṣù 6. Ìpayà kan tó bá wọ inú ọmọ ajá kékeré lè pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ lọ.

Ohun mìíràn tún ni àrá. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò la wà yìí, àsìkò tí ìjì àti mànàmáná pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Bí ìbọn bá dún lónìí, tí àrá sán lálẹ́, ajá lè pa méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí òjò bá dá ní oṣù kọkànlá, Tanímọ̀la á ti lé ní oṣù 8, koríko á ti ń gbẹ, ojú ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín á sì lè rí ara yín láti ìpẹ̀kun oko kan sí èkejì.

Nípa etí fúnra rẹ̀: ohùn tó tín-ín-rín jù tí etí ènìyàn lè gbọ́ kì í ju nǹkan bí 20,000 Hz lọ (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti ajá ń dé nǹkan bí 45,000. Ìbọn kátíríìjì, irú ti ẹ̀gbọ́n yín, máa ń kọjá desibẹ́ẹ̀lì 140 (òṣùwọ̀n ariwo) létí ẹni tó yìn ín, ìwọ̀n tó lè pa etí lára lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ní gbangba, bí ẹ bá sọ ọ̀nà di ìlọ́po méjì, ariwo á fi desibẹ́ẹ̀lì 6 dín. Ká ní ó jẹ́ 155 ní mítà 1, ní mítà 128 ó ṣì kù bíi 113. Ẹ rí i pé pápá bọ́ọ̀lù méjì tí Bàbá sọ kì í ṣe àsọdùn, kódà ó kéré tán ni lóòótọ́. Iwájú ẹnu ìbọn ni ariwo ti ń pọ̀ jù, ẹ̀yìn ẹni tó ń yìn ín ló ti ń rọlẹ̀. Ẹ má yìnbọn kọjá lórí ajá láéláé, kékeré àti àgbà. Ọ̀pọ̀ ajá ọdẹ tí a ń pè ní olóríkunkun lọ́jọ́ ogbó, adití ni wọ́n. Irun tín-ín-rín inú etí tó ń gba ohùn, bó bá kú, kì í hù mọ́.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti fẹ́ bá Bàbá jiyàn díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ìtùnú kì í kọ́ ajá ní ẹ̀rù. Bó bá sá wá bá yín, ẹ lè fọwọ́ kàn án, kí ohùn yín tutù. Ariwo àti ìgbéyíká ni kò dára.

Ẹ wo oúnjẹ. Ajá tó fẹ́ràn ẹran tó wá kọ ẹran lẹ́yìn ìbọn, ẹ̀rù ń bà á, bí ìrù rẹ̀ tilẹ̀ ń jù. Ẹ tún wo etí tó lẹ̀ mọ́ orí, ìmí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí oòrùn ò mú, àti kó máa yán láìsí oorun lójú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ń kàn án bó bá ti pé oṣù 3, ẹ má gbàgbé.

BàbáỌdẹÌdànrè
Dókítà, mo gbà. Fọwọ́ kàn án, má gbé e jó.

Sẹ́gunKent
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Oǹdó ni mí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Labrador ni ajá mi, a máa ń bá àwọn tó ń yìnbọn pa ẹyẹ pheasant lọ sóko nígbà àsìkò rẹ̀, 1 October sí 1 February. Ohun tí Bàbá sọ nípa ẹni méjì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe é níbí. Ìyàtọ̀ kan ni pé kì í ṣe ìbọn gidi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìbọn kékeré tí kò ní ọta nínú, irú èyí tí wọ́n ń fi sọ fún àwọn sáré-sáré pé kí wọ́n gbéra, ni wọ́n ń lò. Ẹni tó dúró lókèèrè á yìn ín, á ju àpò aṣọ kékeré kan sókè lójú ajá, ajá á lọ gbé e wá.

Wọn kì í jẹ́ kí ajá sún mọ́ ìbọn kó tó mọ ìjókòó, dídúró àti pípadà wá bí wọ́n bá fọn fèrè. Nígbà tí ẹyẹ bá ń ṣubú, jíjókòó ni ajá gbọ́dọ̀ jókòó títí wọ́n á fi rán an.

BàbáỌdẹÌdànrè
Kí ajá jókòó, kí ọ̀yà máa sá lọ? Sẹ́gun, ajá Gẹ̀ẹ́sì ti gba ẹ̀kọ́ o.

Sẹ́gunKent
😂 Bàbá, ẹyẹ tó ti kú ni wọ́n ń rán an lọ gbé. Ti yín ló ń lé ẹran jáde. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ìbọn nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Kẹ́hìndéFUTA
Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Ajá tèmi ti gbọ́ tirẹ̀. Ní ìparí ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ àdúgbò ń yin bánga láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá pàtẹ́wọ́ gan-an, ó ti sá wọlé. Ó ti pé ọdún kan àti díẹ̀. Àwọn kan ní kí n máa fi ìró ìbọn orí fóònù kọ́ ọ. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́?

DókítàẸranko
Ó lè ṣèrànwọ́ bí ibẹ̀rẹ̀, bó bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ, tó sì jẹ́ pé oúnjẹ tó fẹ́ràn jù ló ń tẹ̀ lé e ní gbogbo ìgbà. Ìró ṣáájú, oúnjẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má yí i padà, torí bí oúnjẹ bá ń ṣáájú ìró, oúnjẹ fúnra rẹ̀ ló máa wá di ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n ẹnu fóònù kéré, kò lè gbé ohùn wúwo tó máa ń mi àyà ẹni nígbà tí ìbọn bá dún. Ajá mọ ìyàtọ̀. Kò ní í rọ́pò ìbọn okèèrè.

Oṣù lẹ máa fi ṣe é, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Mo sì fẹ́ sọ òótọ́ fún yín, àwọn ajá kan kì í padà di ajá ìbọn mọ́.

ÌyáOlókoOǹdó
Ta ló tilẹ̀ ní dandan ni kí ajá bá ìbọn rìn? Lóko mi, àwọ̀n la ń ta yí igbó ká, ajá á wọlé, ọ̀yà á jáde, àwọn ọmọkùnrin á ti dúró pẹ̀lú kùmọ̀. Kò sí ìbọn kankan. Ọ̀kan nínú ajá mi, bó bá gbọ́ àrá báyìí ẹsẹ̀ mi ló ń wá, síbẹ̀ òun ló ń lé ọ̀yà jù nínú wọn. Kẹ́hìndé, má tà á o.

Túndé, ìwọ náà, kí òjò tó dá, àwọ̀n ni kí o fi gba àgbàdo bàbá rẹ là.

ỌmọÒgún77
Gbogbo eléyìí ti pọ̀ jù. Ẹ mú ajá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un, kí wọ́n fún un ní oògùn àìbẹ̀rù. Ó tán.

BàbáỌdẹÌdànrè
Ọmọ Ògún ni mí, mi ò ní í bú oògùn. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún ajá bàbá tèmi náà. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe é nígbà náà, lẹ́yìn gbẹ́rẹ́ ni wọ́n ń mú ajá wọ igbó tẹ̀ lé ajá àgbà. Ajá kékeré á rí i pé ìbọn dún, àgbà ò sá, ṣe ló sáré lọ síbi ẹran. Ẹ̀kọ́ tó gbà nìyẹn, oògùn ló wá gba orúkọ rẹ̀. Ẹ wá ajá àgbà tí ìbọn kò kàn fún Tanímọ̀la. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra, bí àgbà náà bá jẹ́ ojo, ẹ̀rù rẹ̀ ló máa kọ́ ọmọ.

Nǹkan kejì ni ìpín ajá. Ìbọn tí ẹran bá bá rìn, kí ajá jẹ nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan á pa ọ̀yà mẹ́ta, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ lọ tà létí títì, ajá á máa wò wọ́n lójú.

DókítàẸranko
Kí ẹ se ìfun tí ẹ bá fẹ́ fún ajá o, Bàbá. Kòkòrò inú rẹ̀ pọ̀.

Ẹ dákun, mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi eku ilé kọ́ ọmọ ajá láti lépa ẹran. Ẹ má ṣe é. Ìpínlẹ̀ wa wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù, pàápàá lápá Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, eku ló sì ń gbé e kiri. Ìyẹ́ àparò tàbí awọ ọ̀yà gbígbẹ tó.

Alákòóso
Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti pa èsì méjì rẹ́ tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra ọta. A kì í sọ ìyẹn níbí. Òfin ìbọn ti 1959 ṣì ń ṣiṣẹ́. Kátíríìjì o, ṣakabùlà o, èyíkéyìí tí ẹ bá ní, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè kejì Túndé, ibi tó ti lè ṣe é. Lójú tèmi, òun ló le jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu ìjọ ní Ọ̀wọ̀ ní 5 June 2022, ìró ìbọn kì í ṣe ohun tí ará ìlú ń gbọ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ẹ yìnbọn lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn Ìjàpọ̀, àwọn ìyá á ti máa pe ọmọ wọn wọlé, ẹlòmíràn á ti máa pe Àmọ̀tẹ́kùn. Lóko gan-an, àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á sá fi ọkọ́ sílẹ̀ ni, torí ajínigbé ni wọ́n máa rò.

Kí ẹ tó yìnbọn: ẹ sọ fún baálẹ̀ abúlé tó súnmọ́ oko, ẹ sọ fún olórí ọdẹ ibẹ̀, ẹ sọ fún àwọn Àmọ̀tẹ́kùn agbègbè náà, ẹ dá ọjọ́ àti wákàtí. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa yìn ín, ẹ sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ má sì ṣe é nínú igbó ọba. Gbígbé ìbọn wọ ibẹ̀ nìkan tó láti kó yín sí wàhálà, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ajá lẹ wá kọ́.

TúndéÌjàpọ̀
Alákòóso, ẹ ṣeun gan-an, mi ò tilẹ̀ ronú kan ti àwọn àgbẹ̀. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni màá kọ́kọ́ lọ.

Ó wá ku nǹkan kan. Olórí ọdẹ ibẹ̀, ṣakabùlà ló ń lò. Bó bá gbà láti bá wa rìn, ṣé ohùn tiẹ̀ kò ní í dàrú mọ́ ajá lójú? Ṣé kí n kọ́kọ́ fi ọ̀kan kọ́ ọ ni?

BàbáỌdẹÌdànrè
Ìbéèrè ọmọ ọdẹ nìyí. Wọn ò jọra rárá. Kátíríìjì ń dún gbàù, ó ti tán. Ṣakabùlà, o fà á, òkúta ta, iná kọ́kọ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó wá dún gbòlàà, èéfín á bo gbogbo ibẹ̀. Ajá á rí iná, á gbọ́ òkúta, á gbọ́ ìbọn, á sì gbóòórùn ẹ̀tù. Ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ìdí èyí, kátíríìjì lókèèrè ni kó kọ́kọ́ gbọ́, bí ìyẹn bá ti di nǹkan lásán fún un, kí ṣakabùlà bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè tirẹ̀. Má gbé e láti pápá méjì wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ torí o rò pé ó ti mọ ìbọn. Ó mọ ọ̀kan ni.

Ṣakabùlà ní dáadáa kan tí kátíríìjì ò ní. Kí ọdẹ tó rọ ẹ̀tù, kó fi ọ̀pá tì í, kó di òmíràn tán, ara ajá ti balẹ̀. Ẹlẹ́nu méjì ló ń mú ọwọ́ yá. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó ki ọta sí ẹnu kan ṣoṣo. Kí olórí ọdẹ náà má sì rọ ẹ̀tù jù láti fi hàn yín pé ìbọn òun ń dún. Ìbọn tó bẹ́ kò mọ ajá yàtọ̀ sí olówó rẹ̀.

ỌmọÒgún77
Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi o. Àmọ́ ti ajá àgbà tí Bàbá sọ yẹn, òótọ́ ni, bàbá mi náà máa ń mú àgbà dání.

ÌyáOlókoOǹdó
Ẹ̀ẹ̀ẹ́n! O ò sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

TúndéÌjàpọ̀
Mo ti pe ọdẹ tó fún mi ní ajá. Ó ní ìyá Tanímọ̀la ṣì wà, òun á mú un wá bí oṣù kọkànlá bá pé. Ó tiẹ̀ fún mi ní ṣaworo tí wọ́n ń so mọ́ ajá lọ́rùn. Ṣé kí n ti máa so ó mọ́ ọn báyìí?

BàbáỌdẹÌdànrè
Máa so ó mọ́ ọn nílé kó mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìbọn àkọ́kọ́, tú u. Bí ajá bá ta gìrì tó sì fẹsẹ̀ fẹ, ṣaworo á máa dún lọ́rùn rẹ̀, á rò pé nǹkan ń lé òun, kò ní dúró mọ́ títí á fi dé títì. Lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ìbọn tí kò kà á sí, kó o so ó padà.

TúndéÌjàpọ̀
Mo gbọ́, Bàbá. Màá kọ ọ́ mọ́ ohun tí màá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí òun ló ń kánjú jù.